Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Ọ́ Fúnra Rẹ̀

Èmi ni mo já lẹ́tà náà. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọdún méjìlá gbáko ni ilé ìwòsàn fi ń kọ̀wé sí òbí Àkànní, nítorí náà nígbà tí mo rí àmì wọn lára àpò ìwé, àtàǹpàkò mi ti ya etí rẹ̀ kí ojú mi tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Orúkọ ọmọ ni. Ọ̀gbẹ́ni, orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi agolo ṣúgà tẹ ojú ibi tó ya mọ́lẹ̀. Nígbà tó wọlé nírọ̀lẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Mọ́mì, ta ló já lẹ́tà mi?” Mo ní bóyá inú àpò ẹni tó ń pín in kiri ló ti ya. Ó wo agolo ṣúgà, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ti parí tiwọn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà ni Àkànní yóò máa lọ. Nọ́ńbà fóònù tuntun wà níbẹ̀, orúkọ dókítà tuntun wà níbẹ̀. Orúkọ tèmi ò sí níbì kankan.

Àkànní kọ́ ni orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Oríkì rẹ̀ ni, torí ó ní kí n má kọ orúkọ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì. London ni mo bí i sí, ní oṣù kìíní 2006. Kí n tó bí i rárá ni ohun tó ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ti ṣẹlẹ̀: awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan hù dí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde, ìtọ̀ ń padà sẹ́yìn, ó sì ń ba kíndìnrín méjèèjì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin nìkan ló máa ń ní i. Wọ́n gé awọ náà kúrò nígbà tó ṣì wà ní jòjòló, àmọ́ ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀rọ kan tí wọ́n so mọ́ ikùn rẹ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ kíndìnrín lálaalẹ́, èmi àti bàbá rẹ̀ sì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, à ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ní 2012, wọ́n yọ kíndìnrín òsì mi, wọ́n fi fún un.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n máa ń yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n wá ki tuntun bọ àyè rẹ̀, bí ẹni pààrọ̀ bátìrì. Kò sábà rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ikùn, lápá ìsàlẹ̀, ni wọ́n ń fi tuntun sí. Kíndìnrín àgbàlagbà nínú ikùn ọmọ ọdún mẹ́fà: bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Títí dòní, bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ Àkànní á ti dé ibẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Àwọn tó bá wa dúpẹ́ lọ́dún yẹn rò pé ó ti parí. Ara kì í gbàgbé pé àlejò ni kíndìnrín náà. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á máa wá a kiri láti lé e jáde, oògùn ló ń dá wọn lẹ́kun. Olórí nínú àwọn oògùn náà ni tacrolimus. Inú erùpẹ̀ Tsukuba ní Japan ni wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un jáde, ní 1984 (ọmọ Ìbàdàn tí erùpẹ̀ Japan ń gbè). Wákàtí méjìlá-méjìlá ni: aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á ṣe kíndìnrín níjàǹbá. Bó bá kéré jù, ara á kọ kíndìnrín. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ kó tó lo ti àárọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ grapefruit. Kẹ́míìsì kò gbọdọ̀ fún un ní ti ilé iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, nítorí ti ilé iṣẹ́ kan àti èkejì kì í ṣe bákan náà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí bí ẹni mọ Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi. Fóònù mẹ́rin ni mo ti lò láti 2012, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń tò sórí èyí tuntun ni àláàmù aago mẹ́jọ.

Ohun tí mi ò kọ́ ọmọ náà ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Nílé wa, a kì í gbé àìsàn ọmọ síta. Màmá mi ní Ìbàdàn ló máa ń sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, òun náà ni mo sì lò fún Màmá fúnra wọn: nígbà tí mo ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, mo ní wọ́n fẹ́ yọ nǹkan kékeré kan lára mi. Irọ́ kọ́, àbí? Nǹkan kékeré náà kò ju ìkúùkù lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sunkún sí mi létí lórí fóònù, mi ò sì fẹ́ kí ẹbí ọkọ mi ti máa ṣírò ẹni tó máa fẹ́ ọmọ wa lọ́jọ́ iwájú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ní inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Níléèwé, ọ̀gá àgbà àti nọ́ọ̀sì wọn nìkan ló mọ̀. Àkànní mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín òun, ó sì mọ̀ pé tèmi ni. Ohun tó ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bó bá ṣíwọ́ oògùn, pé èyí náà lè má bá a dọ́jọ́ alẹ́, nílé wa kò sẹ́ni tó jókòó sọ ọ́ fún un. “Lo oògùn ẹ” nìkan la mọ̀ ọ́n sọ.

Màmá, ní tiwọn, gbọ́ “inú”, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tí kì í bá wọn gbé àgbo wá, nínú ike omi, tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé lọ́nà mẹ́ta. Dókítà ti kìlọ̀ gidigidi pé àgbo àti tacrolimus kì í gbé inú kan náà, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí egbò àti ewé wọ̀nyẹn máa ṣe sí ìwọ̀n oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀. Màá dà á sínú síńkì, màá ṣí omi lé e lórí nítorí òórùn rẹ̀, màá wá pe Ìbàdàn: “Ẹ ṣeun, mà. Ó mu ún tán.” Inú Màmá á dùn. Wọ́n á tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Ní England, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà, gbé jáde ní oṣù kejì 2016 ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọmọ sílẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, kí ẹnì kan pàtó sì wà tí yóò máa bá a rìn títí yóò fi kọjá sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ tèmi pé mẹ́rìnlá ní 2020. Ẹ̀yin náà ẹ rántí 2020. Wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún má jáde nílé rárá, kílíníìkì di orí fóònù, fóònù tèmi ni dókítà sì ń pè. Àkókò tó yẹ kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀, ilé ìdáná ló fi jókòó sí, tó ń jẹ búrẹ́dì, tó ń gbọ́ bí èmi àti dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni sọ̀rọ̀ mọ́tò tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Nígbà tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì kan pè wá wọlé. Ará Jàmáíkà ni, ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó mú ìwé ìbéèrè kan dání, irú èyí tí àwọn ará Southampton ṣe, tí wọ́n ń pè ní Ready Steady Go. Ó kọjú sí ọmọ: kí ló ṣe ọ́ tí wọ́n fi pààrọ̀ kíndìnrín ẹ? Àkànní kọjú sí mi. Mo lanu, mo bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni dá mọ́tò dúró kí ọmọ iléèwé lè sọdá, ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.” Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ mi, tí kò sí ẹni tó ń fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú bàọ́lọ́jì ní kíláàsì wọn, wo bàtà rẹ̀, ó ní, “Inú ni.”

Ojú tì mí. Inú obìnrin náà sì bí mi, kí n má purọ́. Ta ló ń gbé ọmọ sílẹ̀ kó máa rojọ́ níwájú àgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ìjókòó? Ọmọ tó bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, ẹ mọ orúkọ tí à ń pè é. Èmi ni mo kọ́ Àkànní pé bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀, kó káwọ́ sẹ́yìn, kó ní “yes, sir”. Ó gba ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Ìlú tí a wà yìí wá ní tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, òun nìkan ni kó wọlé, òun ni kó sọ ibi tó ń dùn ún, òun ni kó bá wọn jiyàn bí oògùn bá yàtọ̀.

Oṣù kẹta 2023 ni ilé ẹjọ́ Old Bailey dá Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú wá láti Èkó nítorí kíndìnrín rẹ̀. Kò sí ibi tí ọmọ Nàìjíríà méjì jókòó sí ní London lóṣù náà tí wọn ò ti sọ̀rọ̀ kíndìnrín. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, tábìlì tiwa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ yín o, ọjà ti dé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àkànní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú àwo jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì jẹun mọ́. Mo rí i. Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀ délé, mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo fẹ́ gbé kóòtù iléèwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Àpò inú wúwo. Àwọn kápúsù ni, ó fi tíṣù wé wọn ní méjìméjì, mẹ́tamẹ́ta. Mo tú wọn sórí ibùsùn mi, mo kà á: mọ́kànlélógójì. Mi ò lè ṣírò iye alẹ́ tó jẹ́.

Mo sọ ohun kan lọ́jọ́ náà tí mi ò lè gbé mì padà. Mo ní, “Ṣé kíndìnrín mi lo ń dì sínú tíṣù yìí?” Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Yorùbá, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ló fi dá mi lóhùn: “Mọ́mì, èmi kọ́ ni mo tọrọ ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ ìyókù. Creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín yẹ kó máa fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń wà ní nǹkan bí 90 ti di 164. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ bù díẹ̀ lára kíndìnrín náà yẹ̀ wò, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa oògùn líle sí i lára. Ó wálẹ̀ dé 118, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Alẹ́ ọjọ́ kejì nínú wọ́ọ̀dù yẹn ló tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa oògùn sí i ń dún pin-pin, iná ti kú, bóyá nítorí pé kò rí ojú mi ló fi rí i sọ. Ó ní òun ò kórìíra oògùn. Pé ọ̀kan nínú wọn mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú, àwọn ọmọ kíláàsì ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀, ìyẹn náà ò burú jù. Ohun tó burú ni aago mẹ́jọ alẹ́. Aago mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ lòun máa ń wà. Bí òun bá yọ kápúsù, wọ́n á bi òun pé kí nìyẹn. Òun ò sì ní ohun tí òun máa sọ. Òun á ní “inú”, wọ́n á ní inú báwo? Ó rọrùn fún òun láti má lò ó ju kí òun máa wá ọ̀rọ̀ kiri lọ.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, àkàjù gan-an ni. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín ọmọ ọdún 17 sí 24 ni kíndìnrín tí wọ́n fún ọmọdé máa ń bàjẹ́ jù lọ. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Oxford, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé jáde ní 2012. Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n kàn gbé láti ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé sọ́dọ̀ dókítà àgbà. Kíndìnrín mẹ́fà nínú wọn bàjẹ́. Wọ́n wá yíwọ́ padà. Dókítà ọmọdé àti ti àgbà jọ ń jókòó ti ọmọ náà kó tó kọjá, wọ́n sì dá kílíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Nínú àwọn méjìlá tó gba ọ̀nà tuntun yẹn, kò sí ìkankan tó pàdánù tirẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ni lóòótọ́, kò tó ohun tí wọ́n ń fi búra. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: kò sí oògùn tuntun kankan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Jàmáíkà yẹn wá bá wa ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí Àkànní kọ gbólóhùn mẹ́ta péré tó lè sọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò ní mú ojú tì í. Ó kọ ọ́ sórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n ń pe “kidney” ní Yorùbá. Mo ní kíndìnrín. Ó rò pé mo ń fi òun ṣeré ni, pé mo kàn fi ìrù kún Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní àwọn àgbà tún máa ń pè é ní iwe. Ó ní, “ìwé?” Mo ní rárá, ìyẹn ni wọ́n ń kà. A rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó wà ní ibùsùn kejì fa kọ́tìnnì.

Títì kan péré ló wà láàárín ilé ìwòsàn ọmọdé àti ti àgbàlagbà. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, ẹja ń wẹ̀ nínú gíláàsì ńlá, wọ́n á fi ìpara pa awọ kú kí abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́. Níhìn-ín, lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, èèyàn á tẹ orúkọ ara rẹ̀ sójú ẹ̀rọ, á jókòó, á máa wo pátákó. Àwọn tó jókòó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, àwọ̀ púpọ̀ nínú wọn sì dúdú bíi tiwa.

Bàbá kan tó dé fìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Iṣan apá òsì wọn wú bí okùn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, sà.” Ojú wọn là. “Ẹ ṣeun, ìyá. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ rí wọn ni?” Mo ní rárá, ọmọ yìí ni. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. “Kí ló ṣe é?” Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ní, “Àyẹ̀wò lásán ni, sà.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì. “Nínú ilé yìí? Kò sí àyẹ̀wò lásán níbí o, ìyá.” Ọdún karùn-ún rèé tí orúkọ wọn ti wà lórí ìlà kíndìnrín. Àwa aláwọ̀ dúdú kì í tètè rí èyí tó bá ara wa mu ní ìlú yìí, torí àwa tá à ń fi kíndìnrín tọrẹ kò tó nǹkan.

Pátákó dún, orúkọ Àkànní jáde. Mo dìde. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, mo padà jókòó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógún ló lò. Nígbà tó jáde, mo ní kí ni wọ́n bi ọ́? Ó ní bóyá òun ń mu ọtí. Mo ní kí lo sọ? Ó ní, “Mọ́mì.” Ó parí síbẹ̀.

Nísinsin yìí, èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wọlé sórí fóònù rẹ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa, tó ti mọ̀ mí pẹ́, ló sọ fún mi ní oṣù kọkànlá pé ọmọ mi ti páálí kan padà sí òun lórí káńtà, ó ní ti ilé iṣẹ́ mìíràn nìyí, òun ò gbà á. Lórí owó oògùn, ó ku díẹ̀ nígbà yẹn kó kojú ìyẹn náà: ìpààrọ̀ kíndìnrín kò sí nínú àwọn àìsàn tí ìjọba England fi ń dá owó oògùn sí, bó bá ti kọjá ọjọ́ orí ọ̀fẹ́, £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan ní ìparí 2024. Mi ò lè ráhùn. Ní Nàìjíríà, níbi tí ilé ìwòsàn St. Nicholas l’Ékòó ti ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní 2000, àpò òbí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá rí i ṣe fi ń ra tacrolimus. Ta ni màá máa sọ ti kílíníìkì ọ̀dọ́ fún níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2024, Màmá pè wá lórí WhatsApp. Mo wà nídìí ọbẹ̀. Àkànní ló gbé fóònù, mò ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná: ẹ kú ọdún, mà, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé, inú ẹ ńkọ́, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tó mí sínú, bó ṣe máa ń mí sínú kó tó sọ gbólóhùn mẹ́ta rẹ̀. Ó ní, “Màmá, kì í ṣe inú. Kíndìnrín mi ló bàjẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ti Mọ́mì ló wà nínú mi.” Ohùn tó fi pe “kíndìnrín” kò tọ̀nà, àmọ́ kò sí bó ṣe lè jẹ́ ohun mìíràn.

Mo sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Lójú fóònù, fáànù àjà ilé Màmá nìkan ló ń yí; wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀. Ó pẹ́. Ohùn wọn tó wá jáde lábẹ́ fáànù náà rọlẹ̀. “Èwo nínú méjèèjì? Ọ̀tún àbí òsì?”

“Òsì, mà.”

“Ìyá ẹ dà?”

Ó na fóònù sí mi. Ojú Màmá ti padà wọlé, wọ́n wò mí láti orí dé ìbàdí, bí ẹni pé wọ́n lè rí àpá náà láti Ìbàdàn. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Àgbo tí mò ń fi ránṣẹ́ látọjọ́ yìí ńkọ́?”

Mo ní, “Màmá, síńkì ló ń mu ún.”